Ohun Tí Kò Sí Nílé, Olè Kì í Jí I: Ìtàn Nọ́ńbà Káàdì Báǹkì àti Jeton Tó Rọ́pò Rẹ̀

Ìtàn tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun Dàhọ̀mì tó fọ́ Kétu ní 1886. Ìtàn nọ́ńbà ni, nọ́ńbà tó wà lára káàdì báǹkì. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tó mú wa kọ ọ́.

Láìpẹ́ yìí, ọ̀dọ́ kan tí a kọ́ níwèé tẹ́lẹ̀ wá sílé wa. Ó ń ta gàrí, ọṣẹ dúdú àti aṣọ òkè fún àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Faransé, orí tẹlifóònù ni gbogbo òwò náà sì wà. Ó ní kí a bá òun wo ìṣirò òun, ó sì gbé káyè rẹ̀ kalẹ̀. Bí a ṣe ń ṣí i, a bá orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ níbẹ̀, a bá nọ́ńbà káàdì oníkálukú wọn, nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún, oṣù àti ọdún tí káàdì máa parí, títí dé nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì. Àwọn oníbàárà náà ló ya fọ́tò káàdì wọn, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, kó lè bá wọn tẹ̀ ẹ́ sójú ibi ìsanwó. A bi í léèrè ìdí tó fi kọ wọ́n sílẹ̀. Ó ní, "Maître, kí n má baà tún yọ wọ́n lẹ́nu nígbà mìíràn ni."

Àyà wa já. Ọmọ tó ní ìwà ni, kò mú ohun olóhun rí. Ṣùgbọ́n owó àwọn ènìyàn tó ju ogún lọ wà nínú káyè tó ń gbé kiri nínú àpò, lórí alùpùpù, láàárín ọjà. Nígbà tí a fẹ́ bá a wí, a rántí pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Amẹ́ríkà ti ṣe ohun kan náà rí, wọ́n sì ti jìyà rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ibi tí nọ́ńbà náà ti wá

Ní 1950, ní ìlú New York, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Diners Club bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ènìyàn ní káàdì tí wọ́n lè fi jẹun ní ilé oúnjẹ láìsan owó lójú ẹsẹ̀. Ìparí oṣù ni wọ́n tó máa ń san gbogbo rẹ̀ pọ̀. Páálí ni káàdì ìgbà náà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, Bank of America fi káàdì ránṣẹ́ sí nǹkan bí 60,000 ènìyàn ní ìlú Fresno, ní California, láìjẹ́ pé wọ́n béèrè fún un. BankAmericard ni wọ́n pè é. Ní 1976 ló yí orúkọ padà sí Visa tí gbogbo wa mọ̀.

Nígbà yẹn, wọ́n máa ń mú kí nọ́ńbà yọ gọnbu lára káàdì. Tí oníbàárà bá rajà, ọlọ́jà á tẹ́ káàdì náà sórí ẹ̀rọ kékeré kan, á fi ìwé kábọ́ọ̀nù lé e, á sì fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà kọjá lórí rẹ̀. Nọ́ńbà á hàn sára ìwé. Ẹ̀dà kan di ti oníbàárà, ẹ̀dà kan di ti báǹkì, ẹ̀dà kan á sì kù sí ṣọ́ọ̀bù. Kò pẹ́ tí àwọn olè fi mọ̀ pé kò dìgbà tí àwọn bá fọ́ báǹkì. Wọ́n ń ṣa kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ti dà nù sórí ààtàn, wọ́n sì ń fi nọ́ńbà tí wọ́n rí níbẹ̀ rajà.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìṣòro náà nìyí, kò sì tíì yí padà títí dòní. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà náà lọ́wọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àpò oníkáàdì lọ́wọ́. Gbogbo ìgbà tí a bá sì rajà, ńṣe ni a ń fi ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ilé wa sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́jà.

Ohun tí àwọn Faransé ṣe

Àwa tí a kàwé lédè Faransé mọ orúkọ Carte Bleue dáadáa. Báǹkì mẹ́fà ní ilẹ̀ Faransé ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìlà dúdú sẹ́yìn káàdì kí ẹ̀rọ lè máa ka nọ́ńbà fúnra rẹ̀. Ìlà yẹn rọrùn láti dà kọ. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ kékeré lọ́wọ́ lè da ohun tó wà lára káàdì yín kọ sára káàdì mìíràn láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ní oṣù kẹta ọdún 1974, ọkùnrin ará Faransé kan tí wọ́n bí sí Cairo, Roland Moreno, béèrè fún ìwé ẹ̀rí lórí ọgbọ́n tuntun: kí a fi ohun kékeré tó lè pa àṣírí mọ́ sínú káàdì. Ohun náà ni a ń pè ní puce, góòlù kékeré onígun mẹ́rin tó wà níwájú káàdì. Nígbà tí ọdún 1992 fi parí, gbogbo káàdì báǹkì ilẹ̀ Faransé ló ti ní puce. Olè lè rí nọ́ńbà, ṣùgbọ́n ó ṣòro fún un láti da puce kọ. Jìbìtì tí wọ́n ń fi ayédèrú káàdì ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù sì lọ sílẹ̀ gan-an.

Bóyá ìtàn ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n puce kò wúlò àfi tí káàdì bá fara kan ẹ̀rọ. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí ẹni tó ń rà àti ẹni tó ń tà kò bá sí lójú kan náà?

Ọjà wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1994, ọkùnrin kan ní Philadelphia ra àwo orin Sting lọ́dọ̀ ilé ìtajà kan tó ń jẹ́ NetMarket. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti rà á. Ó tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì yí nọ́ńbà náà padà di àdììtú kí ẹnikẹ́ni má baà kà á lójú ọ̀nà. Iye àwo náà jẹ́ dọ́là 12.48, láìka owó tí wọ́n fi gbé e ránṣẹ́. Ní 1995, ilé iṣẹ́ Netscape gbé irú ààbò ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jáde fún gbogbo ayé, SSL ni wọ́n pè é. Àwòrán àgádágodo kékeré tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ibi tí ẹ bá ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú ààbò bẹ́ẹ̀ ló dúró fún.

Ẹ fi ara balẹ̀ níbí, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́. Àgádágodo yẹn ń ṣọ́ ojú ọ̀nà, kò ṣọ́ ilé. Ó dà bí ìgbà tí a bá gbé owó láti Kútọnù lọ sí Ṣábẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́jà mẹ́wàá, tí a wá dé Ṣábẹ̀ tán, tí a kó o sí abẹ́ ẹní ní yàrá tí kò ní ilẹ̀kùn. Kò sí olè tó yọjú lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n olè tó gbọ́n kò dúró lójú ọ̀nà. Ilé ló ń lọ. Àwọn ilé ìtajà sì ń kó nọ́ńbà oníbàárà jọ sílé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kí oníbàárà má baà tún tẹ̀ ẹ́ nígbà mìíràn. Ìdí kan náà tí ọmọ wa sọ nípa káyè rẹ̀ ni.

Ọdún mẹ́wàá olè

Ní oṣù kìíní ọdún 2000, olè kan tó ń pe ara rẹ̀ ní Maxus sọ pé òun ti kó nọ́ńbà káàdì 300,000 nínú kọ̀ǹpútà CD Universe, ilé ìtajà orin ní Amẹ́ríkà. Ó ní kí wọ́n san 100,000 dọ́là fún òun. Wọ́n kọ̀. Ó wá da ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà náà síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ayé máa wò ó.

Àwọn ilé iṣẹ́ káàdì rí i pé àwọn ní láti ṣòfin. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004, wọ́n gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní PCI DSS. Ó sọ bí ọlọ́jà ṣe gbọ́dọ̀ tọ́jú nọ́ńbà, ó sì kà á léèwọ̀ pátápátá láti tọ́jú nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì lẹ́yìn tí báǹkì bá ti fọwọ́ sí ìsanwó. Ìlànà dára, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀ lé e.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2005, ìròyìn jáde pé olè ti wọ inú kọ̀ǹpútà CardSystems, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe alárinà láàárín ọlọ́jà àti báǹkì. Káàdì mílíọ̀nù 40 ló wà nínú ewu. Nígbà tí wọ́n wádìí, ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà gbà pé àwọn kò yẹ kí àwọn tọ́jú àwọn nọ́ńbà tí olè kó. Ó ní àwọn fi wọ́n pa mọ́ láti fi ṣe ìwádìí ni. Visa àti American Express kọ̀ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ta ilé iṣẹ́ náà kí ọdún yẹn tó parí.

Ní oṣù kìíní ọdún 2007, ó kan TJX, tó ní ilé ìtajà aṣọ káàkiri Amẹ́ríkà. Olè gba inú Wi-Fi tí ààbò rẹ̀ kò lágbára wọlé, ó sì kó nọ́ńbà káàdì tó lé ní mílíọ̀nù 45. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ó kan Heartland Payment Systems, ilé iṣẹ́ alárinà mìíràn. Ìwé ẹ̀sùn tí ìjọba kọ sọ pé ó lé ní mílíọ̀nù 130 nọ́ńbà tí wọ́n kó níbẹ̀ àti láwọn ilé iṣẹ́ mìíràn bíi mélòó kan. Wọ́n sì ti yẹ Heartland wò tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fún un ní ìwé ẹ̀rí pé ó tẹ̀ lé ìlànà PCI DSS. Albert Gonzalez, tó ṣe olórí àwọn olè TJX àti Heartland, gba ẹ̀wọ̀n 20 ọdún ní oṣù kẹta ọdún 2010. Ó ti fìgbà kan rí ṣe amí fún àwọn agbófinró ìjọba lórí irú olè yìí kan náà!

Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọlọ́gbọ́n rí kọ́ nínú gbogbo èyí ni pé a lè fi irin kún ilẹ̀kùn, kí a ra ajá, kí a gba ọdẹ, bí góòlù bá ṣì wà nínú ilé, olè á padà wá. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi ara wọn kì í ṣe "báwo la ṣe máa ṣọ́ nọ́ńbà yìí?" bí kò ṣe "kí ló dé tó fi wà lọ́dọ̀ wa rárá?"

Jeton

Àwọn kan ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yẹn tipẹ́. Ní 2001, ilé iṣẹ́ TrustCommerce ní Amẹ́ríkà ṣe ètò kan fún oníbàárà rẹ̀: TrustCommerce ló ń tọ́jú nọ́ńbà káàdì, ọlọ́jà kàn ń gba nọ́ńbà mìíràn tó dúró fún un. Ní 2005, ilé iṣẹ́ Shift4 ṣàlàyé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn níbi ìpàdé kan lórí ààbò ní Las Vegas. Tokenization ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a gbọ́ Faransé lè pè é ní ọ̀rọ̀ jeton, nítorí jeton gan-an ni.

Ẹ wo ibi tí wọ́n ń bá wa ṣọ́ alùpùpù lẹ́bàá ọjà ńlá. Ẹ gbé alùpùpù yín fún olùṣọ́, ó fún yín ní jeton tó ní nọ́ńbà 47, ó sì mọ èyí tó jẹ́ ti 47 láàárín gbogbo wọn. Ẹ wọ ọjà lọ. Tí jeton yẹn bá já bọ́, tí ẹnì kan ní Pọ́bẹ̀ he é, kí ni yóò fi ṣe? Kò lè gùn ún, kò sì sí ọgbọ́n tó lè dá tí 47 yóò fi di alùpùpù. Àárín ẹ̀yin àti olùṣọ́ yẹn nìkan ni jeton náà ti ní ìtumọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú káàdì. Oníbàárà tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sójú ìwé ìsanwó tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ alárinà, kì í ṣe ti ọlọ́jà. Ilé iṣẹ́ náà fi nọ́ńbà gidi pa mọ́ sínú ilé ìṣúra rẹ̀, ó sì fún ọlọ́jà ní jeton, nọ́ńbà kan tí wọ́n ṣà bí ẹní ṣẹ́ kèké. Nígbà tí oníbàárà bá padà wá rajà, ọlọ́jà á fi jeton náà ránṣẹ́, ilé iṣẹ́ á wo èyí tó dúró fún, á sì gba owó lọ́wọ́ báǹkì. Ọlọ́jà kò rí nọ́ńbà gidi rárá. Tí olè bá fọ́ ilé rẹ̀ lóru, jeton ni yóò bá níbẹ̀.

Ẹ má ṣe kà á mọ́ àdììtú. Àdììtú dà bí àpótí tí a tì pa. Nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, ẹni tó bá rí kọ́kọ́rọ́ á sì ṣí i. Jeton kò ní kọ́kọ́rọ́, nítorí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó PCI DSS tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà jáde lórí ọ̀rọ̀ jeton. Ọgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ mélòó kan ti di ohun tí gbogbo ọjà mọ̀.

Ṣé àwọn baba wa mọ irú èyí? Wọ́n mọ ohun tó fara jọ ọ́. Wọ́n a máa fi àrokò ránṣẹ́. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀ ń sọ pé ọkàn ẹni tó fi í ránṣẹ́ fà mọ́ ẹni tó ń gbà á, nítorí ẹ̀fà àti fà jọ dún. Ẹni tó bá já a gbà lọ́wọ́ ìránṣẹ́, ẹyọ owó mẹ́fà lásán ló já gbà. Ṣùgbọ́n kí a má parọ́ pé àwọn baba wa ló dá jeton sílẹ̀. Ọlọ́gbọ́n lè ro àrokò títí kó fi tú ìtumọ̀ rẹ̀. Jeton káàdì kò ṣeé rò tú. Àfi kí a béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé ìṣúra.

Láti 2014 títí dòní

Ní ìparí ọdún 2013, olè wọ Target, ilé ìtajà ńlá ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí mílíọ̀nù 40 nọ́ńbà káàdì ló sì lọ. Ní oṣù kẹta ọdún 2014, EMVCo, ẹgbẹ́ tí àwọn ilé iṣẹ́ káàdì jọ ní, gbé ìlànà kan ṣoṣo jáde lórí jeton kí gbogbo ayé lè jọ máa lò ó. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Apple Pay bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Nọ́ńbà tó wà nínú tẹlifóònù ẹni tó ń lò ó kì í ṣe nọ́ńbà káàdì rẹ̀, jeton ni, tẹlifóònù yẹn nìkan ló sì wà fún. Tí tẹlifóònù bá sọnù, wọ́n á pa jeton náà rẹ́, káàdì kò sì ní nǹkan ṣe.

Íńdíà lọ jìnnà gan-an. Báǹkì àpapọ̀ wọn pàṣẹ pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2022, ọlọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì kò gbọ́dọ̀ tọ́jú nọ́ńbà káàdì oníbàárà mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n nu èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n máa lo jeton.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́, jeton kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn. Nọ́ńbà gidi ṣì wà níbì kan, ilé ìṣúra yẹn sì ti di ibi tí gbogbo olè ń fojú sí. Tí olè bá lúgọ síbi tí nọ́ńbà ń gbà kọjá kó tó di jeton, bí wọ́n ti ṣe ní Heartland, jeton kò ní dá a dúró. Tí ènìyàn bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ ya fọ́tò káàdì rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò sí ọgbọ́n Amẹ́ríkà tàbí ti Faransé tó lè gbà á.

Ohun tó kàn wá

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, a ní òfin lórí èyí. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, tí a ń pè ní Code du numérique, sọ pé ẹni tó bá ń tọ́jú ohun tó jẹ mọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ dáàbò bò ó. APDP sì ni àjọ tó ń bójú tó o. Tógò náà ṣe òfin tirẹ̀ ní 2019. Nítorí náà, ọ̀dọ́ tó ń ta gàrí pẹ̀lú tẹlifóònù kan wà lábẹ́ òfin bíi báǹkì.

Ẹ̀yin ọlọ́jà wa, ẹ má gba fọ́tò káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìsanwó tó ní ìwé àṣẹ, kí wọ́n fún yín ní líǹkì tí ẹ óò máa fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí òun fúnra rẹ̀ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sójú ìwé wọn. Ẹ bi wọ́n bóyá jeton ni wọ́n ń lò. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà mẹ́rin ìparí nìkan lójú ìwé tiyín, ó dára, ẹ kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà, nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì àti kóòdù owó orí tẹlifóònù yín, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹ má kọ ọ́ ránṣẹ́, kódà sí ọmọ ìyá yín.

Ní ti ọmọ wa, a jókòó tì í títí ó fi ya àwọn ojú ìwé náà kúrò nínú káyè, a sì jọ sun wọ́n lẹ́yìn ilé. Ó nu àwọn fọ́tò inú tẹlifóònù rẹ̀. Ohun tó ṣòro jù fún un ni pé ó ní láti kọ̀wé sí àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé òun ti tọ́jú ohun tí kò yẹ kí òun tọ́jú, kí wọ́n ní kí báǹkì pààrọ̀ káàdì wọn. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó ṣe é. CardSystems dúró dìgbà tí olè dé kó tó jẹ́wọ́, ọmọ Kétu kò dúró dìgbà náà.

Tí irú káyè bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ sun ún lónìí. Ẹ sì fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́ kan tó ń tajà. Ire o, ó dìgbà kan ná.